Ilé Tó Mú Un Pé Ogójì

Ọkọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Alángbá ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ó máa ń gun òpó tẹlifóònù láìlo àkàbà, tó bá sì dé òkè, yóò máa mi orí sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Aláwàdà ni. Nílé wa, tó bá sọ pé òjò ń rọ̀, a máa ń yọjú wo ojú ọ̀run ká tó kó aṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó sọ èyí, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ara waya kan. Nígbà tó bó o tán, ó mú òmíràn, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Lẹ́yìn oṣù kan mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo bi í léèrè. Òun náà sọ bákan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bára mu ni mo kọ síbí; ohun tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, mo dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kéré. Yàrá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ní yàrá iwájú, káńtà onípákó kan wà tí ìgbọ̀nwọ́ àwọn oníbàárà ti họ ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Yàrá àárín ni ẹ̀rọ wà, waya bàbà lóríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n tò sára irin láti ilẹ̀ dé àjà, àti fáànù ńlá kan tí kì í sinmi. Yàrá ẹ̀yìn ni ti Ọ̀gá. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì fi àṣà kan lélẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yí padà. Wọn kì í gé láìnì ilé kankan, bó ti wù kó pẹ́ tó tí wọn ò lò ó, àfi tí ẹnì kan nínú ilé náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí káńtà, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gé e. Wọn kì í gba lẹ́tà. Nígbà kan rí, Bàbá gba lẹ́tà, ó gé láìnì ọkùnrin kan, àṣé àbúrò ọkùnrin náà tí wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀ ló kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, iná jó ilé ọkùnrin náà, kò sì rí nǹkan fi pe àwọn panápaná. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ní ohun tí òun kò bá fi etí ara òun gbọ́, òun kò ní fọwọ́ kàn án.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀: Ọ̀gá, Alángbá, àti Àǹtí Hẹ̀lóò. Àǹtí Hẹ̀lóò ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí tábìlì ìdánwò, níbi tí wọ́n ti máa ń pe àwọn ilé láti mọ̀ bóyá láìnì wọn dára. Tí ẹ bá kí i lójú ọ̀nà, “hẹ̀lóò” ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé kì í ṣe tẹlifóònù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú.

Ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé ní ẹ̀yìn odò, níbi tí òkè yí ká, tí fóònù alágbèéká kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tẹlifóònù oníwaya nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èémí Ẹ̀gbọ́n máa ń há. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn gbé tẹlifóònù sókè, Àǹtí Hẹ̀lóò gbọ́ bó ṣe ń mí lórí láìnì, ó sì rán mọ́tò ilé ìwòsàn sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, dókítà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, àwọn kì bá tí bá a láyé. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá bá òun gbé. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò lè bá ẹni tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta gbé yàrá kan, pé èémí tó kù fún òun, òun fẹ́ fi sùn.

Nígbà náà ni ìjọba kéde pé àwọn máa fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kéékèèké lówó, kí wọ́n lè gbé íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára dé àwọn ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ lọ. Wọn yóò fi okùn tuntun, tí wọ́n fi dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ṣe, rọ́pò waya bàbà. Ọ̀gá kọ̀wé béèrè fún ti ẹ̀yìn odò. Wọ́n dá a lóhùn pé ó dára, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ogójì ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí láìnì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, tí èèyàn sì ń gbé inú wọn. Kí wọ́n pe ilé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Kí ẹni tó bá gbé e ka nọ́ńbà ilé náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ gba ohùn rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láìṣí i. Tó bá dín ní ogójì, kò sí owó.

Láìsí owó yẹn, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Waya bàbà náà ti gbó; òjò kékeré báyìí, láìnì mẹ́wàá á ti kú. Ọ̀gá sì ti sọ ọ́ pé tí owó náà kò bá wá, òun á ti ilẹ̀kùn tí ọdún bá ti parí, gbogbo ẹ̀yìn odò á sì dákẹ́. Alángbá ní nígbà tó sọ ọ́, Àǹtí Hẹ̀lóò yí àga rẹ̀ sí ibi tí láìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára irin, waya méjì, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan funfun, ó ń wò wọ́n.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láìnì méjìlélógójì ló wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Àǹtí ń sọ fún gbogbo wọn: “Hẹ̀lóò, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni. A ń dán láìnì wò. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni mo pè?”

Nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní, “Ìwọ náà mọ nọ́ńbà mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kà á fún ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ wo? Ṣé ó ti kí mi káàárọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ń kà á. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́.”

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilé mọ́kàndínlógójì ti dáhùn. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan ti wó, àwọn tó ni èkejì ti kó lọ, bàálé ilé náà sì ti wá sí káńtà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an láti ní kí wọ́n gé e. Ẹ̀kẹta ni ilé Aránṣọ, tó wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti parí. Obìnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀ ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti wá sọ pé kí wọ́n gé e, láìnì ilé náà ṣì wà lára irin pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù mú. “Ẹ kàn pè é, Àǹtí. Tí kò bá sẹ́ni tó gbé e, kí á mọ̀ pé a pè é.”

Ó pè é. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan gbé e, kò sọ̀rọ̀.

“Hẹ̀lóò,” ni Àǹtí wí, “ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni. A ń dán láìnì wò. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni mo pè?”

“Méjì, méjì, òdo, méje,” ni ohùn obìnrin kan wí, jẹ́jẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀.

Nọ́ńbà náà nìyẹn. Àǹtí fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, ó fàmì sí i. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Aránṣọ ló ti padà wálé. Ọ̀gá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta láti ìsọ̀ iwájú, wọ́n mu ún ní ìdúró.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e. Ó ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ pẹ́ kí ẹ tó pè.”

“Ẹ má bínú,” ni Àǹtí wí, “àná náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ pè.” Ṣùgbọ́n ó ti gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Alángbá wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí tábìlì ìdánwò gan-an, èyí tí Àǹtí ti kìlọ̀ fún un títí pé kó yé ṣe, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó sì fi etí kan sí agbọ́rọ̀ tẹlifóònù kejì. Oòrùn ń ràn wọlé látojú fèrèsé. Ó gbọ́ bí ó ṣe dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbọ́ bí Àǹtí ṣe béèrè. Ó gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń ka nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ náà ni eruku fáànù wọ Àǹtí nímú, ó sì sín, kí ohùn náà tó kà á tán. Lẹ́yìn náà ohùn náà ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?”

“Ó ti jẹun,” ni Àǹtí wí.

Wọ́n gbé e sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n ta ni?” ni Alángbá béèrè.

“Ṣé mo mọ̀ ni? Ó béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, mo dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ìwọ èèyàn yìí, o ti da búrẹ́dì sínú ẹ̀rọ.”

Alángbá sọ fún mi pé ó dà bíi pé òun mọ ohùn náà, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí òun fi í sí. Ó ní ohùn ẹni tó bá jókòó tì ọ́, o kì í wá a lórí waya.

Wọ́n lẹ àwọn ohùn náà pa, wọ́n fi ránṣẹ́. Ní oṣù kejì, ìjọba fọwọ́ sí i. Okùn tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí afárá, láti òpó dé òpó, bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ni Alángbá ń wọ̀, yóò lu ihò kékeré kan sára ògiri, yóò fa okùn wọlé, yóò kan àpótí funfun kan mọ́ ibẹ̀, yóò sì gba ìbuwọ́lùwé onílé. Nígbà tó ṣe ti Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n ní kó gbé àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ọwọ́ òun lè tó o. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Ilé Aránṣọ ló ṣe kẹ́yìn. Ó dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní kọ́kọ́rọ́, ó fi èjìká tì í, ó ṣí. Yàrá méjì àti ibi ìdáná kékeré kan. Kò sí àga, kò sí ibùsùn, kò sí aṣọ fèrèsé. Eruku bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ipasẹ̀ ara rẹ̀, kò sí ipasẹ̀ mìíràn.

Ó wá tẹlifóònù, kò sí. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tó yẹ kó wà, waya méjì ló yọ jáde, wọ́n sì fi téèpù dúdú dí ojú wọn. Alángbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ọlọ́wọ́ òsì ni, òdìkejì sì ni ó máa ń wé téèpù, kò sẹ́lòmíràn tó ń wé e bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Ìgbà yẹn ló tó rántí. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ Aránṣọ ń kẹ́rù, òun fúnra rẹ̀ ló tú tẹlifóònù náà, tó gbé e fún wọn, tó sì wé ojú waya pa. Ó ti gbàgbé pátápátá.

Ó jáde síta. Ó fi tẹlifóònù ìdánwò tó máa ń so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kan waya tó wà lára ògiri ìta, ó pe ilé-iṣẹ́.

“Àǹtí, mo wà nílé Aránṣọ.”

“Bá mi kí wọn.”

“Ta ni kí n kí? Kò séèyàn níbí.”

“Wọ́n á ti jáde lọ. Dúró dè wọ́n.”

“Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Kò séèyàn, kò sí ẹrù, kò sí tẹlifóònù. Èmi ni mo tú u nígbà tí ìyá kú. Waya lásán ló wà lára ògiri. Kò sí ohun tó lè dún níbí, kò sì sí ohun tí èèyàn lè gbé sétí.”

Ó gbọ́ fáànù lọ́dọ̀ Àǹtí. Ó gbọ́ pé Àǹtí ṣì wà lórí láìnì.

“Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta,” ni Àǹtí wí.

“Mo mọ̀. Ẹ̀kẹta ṣojú mi.”

“Wá sílé,” ni Àǹtí wí. “Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Wá sílé.”

Ọ̀gá ní kí wọ́n kan àpótí mọ́ ilé náà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pa ẹnu wọn mọ́. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́ pé mọ́kàndínlógójì ni wọ́n, ìjọba á ní kí wọ́n dá owó padà, owó náà sì ti di okùn lórí òpó. Wọn á wá ká okùn náà kúrò. Ìyẹn ni pé wọn á ká a kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìjọba rán aṣàyẹ̀wò wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan lábẹ́ apá, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kí wọn dáadáa. Ó ní òun máa ń mú ilé kan nínú àkójọ, òun á gbọ́ ohùn ibẹ̀, lẹ́yìn náà òun á lọ síbẹ̀ lọ rí ẹni náà. Ilé tó mú ni èyí tó kẹ́yìn.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń pè, mà?” ló bi Àǹtí.

“Èmi ni.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ.”

Ó tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n gbọ́ Àǹtí tó ń kí, tó ń béèrè nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ohùn kejì jáde, ó kún inú yàrá náà. “Méjì, méjì, òdo, méje.”

Alángbá ní òun rí i tí Ọ̀gá yíjú sí Àǹtí, òun náà yíjú sí Àǹtí. Níbẹ̀, láìsí agbọ́rọ̀ tẹlifóònù láàárín, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohùn Àǹtí Hẹ̀lóò ni. Ohun tó fi yàtọ̀ kò ju pé ó falẹ̀ lọ, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tí kò ti bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Aṣàyẹ̀wò náà kò gbójú sókè. “Mà, ẹ̀yin lẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin náà lẹ dá ara yín lóhùn.”

“Ta lẹ ní?” ni Àǹtí wí. Kò dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀. “Ẹ tún un ṣe.” Ó tún un ṣe. Àǹtí na ọrùn síwájú. “Ó jọ ohùn ìyá mi,” ló wí.

“Àǹtí,” ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, “ohùn yín ni.”

Aṣàyẹ̀wò náà lọ sí ti ọjọ́ kẹta. Ohùn náà ń kà á, méjì, méjì, ibẹ̀ ni Àǹtí ti sín, òdo, méje. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin náà dúró. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn ohùn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń sín, èkejì ń ka nọ́ńbà lọ, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

“Mà,” ló wí, “ṣé ẹ lè máa sín, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀?”

“Ọmọ mi, mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣe é.”

“Èmi náà ò tíì rí i.” Ó yí fọ́ọ̀mù rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Mi ò ríbi kọ èyí sí. Ibi tí wọ́n ti bi mí pé ṣé wọ́n ba láìnì jẹ́ wà. Ibi tí wọ́n ti bi mí pé ṣé ajá onílé bu mí jẹ wà. Èyí ò sí níbẹ̀.” Ó pa ìwé náà dé. “Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wò. Ṣé ẹni tó dáhùn ń gbé ibẹ̀? Ní Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sán gangan, mo máa kan ilẹ̀kùn náà. Tí ẹni tó ni ohùn yìí bá ṣí i fún mi, ilé rẹ̀ ni, ogójì pé. Tí ẹlòmíràn bá ṣí i, tàbí tí kò sẹ́ni tó ṣí i, mọ́kàndínlógójì ni màá kọ.”

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá fa àga, ó jókòó ti Àǹtí. “Kò le. Ẹ lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kó kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ padà wálé. Alángbá á gbé àga kan àti kẹ́tùrù síbẹ̀.”

Àǹtí wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń fa àpò ìwé lẹ́yìn bàbá rẹ̀, tí kò bá sì sí àlejò, kì í fi “ẹ̀yin” bá a sọ̀rọ̀.

“Ṣé o rò pé ó máa tán síbẹ̀? Ìgbà mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Mi ò purọ́ nígbà tí mo kọ ọ́, mi ò sì ní jẹ́ kó di irọ́ báyìí. Wọ́n á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á tún kan ilẹ̀kùn. Ẹni yẹn ti ń gbé ibẹ̀, ọmọ Bàbá. Èmi ni mi ò tíì débẹ̀.”

Ọ̀gá dìde kúrò lórí àga.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?” ni Alángbá béèrè.

“Ó ń bà mí. Bá mi wá páálí méjì tó lágbára.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀gá pe àkọ́bí Aránṣọ lórí láìnì òkèèrè, láti tọrọ ilé fún Àǹtí. Ọkùnrin náà ní kò burú, ẹni tó bá ti lè gbá a, kó máa gbé e. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣùgbọ́n mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.” Ọ̀gá bi í pé fún ta ni. Ó ní fún obìnrin tó pe òun níjelòó, ohùn àgbàlagbà, tó béèrè ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀gá dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀. Kò sọ fún Àǹtí. Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ó sì ní kí n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọjọ́bọ̀ ṣáájú ti Ọjọ́rú, nítorí ti Ọjọ́rú ni kò kúrò lọ́kàn Alángbá. Ní Ọjọ́bọ̀, aṣàyẹ̀wò kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, Àǹtí Hẹ̀lóò ṣí i. Ilẹ̀ ti mọ́. Tẹlifóònù tuntun wà lórí tábìlì kékeré, àpótí funfun wà lára ògiri, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní kó ka nọ́ńbà. Ó kà á. Alángbá, tó dúró nídìí géètì, ní bó ṣe kà á falẹ̀ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lánàá lọ, ó jẹ́jẹ́, kò sì sọ hẹ̀lóò. Aṣàyẹ̀wò náà kọ ogójì, ó fọwọ́ sí i. Àǹtí ní kó jókòó mu omi. Ó ní òun ń kánjú, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó mọ́.

Okùn náà ò kúrò mọ́. Ní oṣù tó kọjá, èémí Ẹ̀gbọ́n há, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ilé ìwòsàn rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì bá a láyé. Ìyẹn dá mi lójú, mo ti lọ kí i.

Ní Ọjọ́rú, Àǹtí gbá abẹ́ tábìlì ìdánwò fúnra rẹ̀. Ó kó bírò rẹ̀, ó sì fi ìwé láìnì lé Alángbá lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí Ọ̀gá fi mọ́tò gbé òun. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó lẹ́sẹ̀. Alángbá gbé páálí kan, Àǹtí gbé èkejì lérí, wọ́n rìn dé ìdí afárá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì mú. Níbẹ̀ ni Àǹtí ti ní kó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ lé ti orí òun. Alángbá ní ó ti pọ̀ jù. Àǹtí ní kó gbé e lé e.

Ó gbé e. Àǹtí dúró díẹ̀ kí ẹrù náà lè jókòó dáadáa. Alángbá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan, èyí tó ti ń rò látìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, lórí bí ilé náà ṣe máa mọ ẹni tó ń hanrun. Kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Àǹtí,” ló wí, “tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí.”

Àǹtí ti gun orí afárá. Ọwọ́ kan di páálí mú, èkejì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alángbá tún pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì pariwo, nítorí kò jìnnà. Ó gbọ́, ó dá Alángbá lójú pé ó gbọ́. Ó rìn kọjá òpó àkọ́kọ́, ó kọjá èkejì, ó gba ojú ọ̀nà òkè náà lọ, kò sì wẹ̀yìn.